Whistler: ọ̀nà wo ni kí kálukú wa gbà sọ̀ kalẹ̀? Ìyàwó mi, ọmọ ọdún 15, àti èmi

BabaDuro_Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ yín. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Surrey lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vancouver ní ká wá lo họlidé lọ́dọ̀ òun ní ìparí oṣù keje, àfi bí ọmọ wa ọkùnrin ṣe gbọ́ pé Whistler, òkè tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Kánádà, ò jìnnà síbẹ̀, ilé ò rójú mọ́. Ọmọ ọdún 15 ni, kò sí Sátidé tí kì í lọ Leeds Urban Bike Park ní Middleton, ó ní òun ò ní padà sí England láìgun A-Line, ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń fò lórí òkè yẹn. Ìyá ẹ̀ ní tiẹ̀, Raleigh bàbá ẹ̀ ní Iléṣà ló gùn kẹ́yìn. Èmi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ àmọ́ ojú títì ni, mo ti bá ọmọ yẹn dé Dalby Forest rí, mo gun ọ̀nà búlúù ibẹ̀ láìsí wàhálà, pupa tó le jù ú lọ ló lé mi sá.

Mo wo máàpù Whistler, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé n ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Níbo ni kí kálukú ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé a lè jọ wà pọ̀ àbí kálukú á máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ṣé ká gbé kẹ̀kẹ́ wa dání ni àbí ká háyà? Ọjọ́ méjì la fẹ́ lò níbẹ̀.

OmoIjesa_Surrey
Ẹ káàbọ̀ sí àdúgbò wa ní ìṣáájú sà. Láti Surrey sí Whistler, ẹ ka wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ bí gòsúlóò ò bá sí, ọ̀nà Sea to Sky lẹ máa gbà, Squamish á wà lójú ọ̀nà yín. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, gbogbo yín pátá, títí kan ọmọ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní EZ Does It. Gríìnì ni, ìyẹn ọ̀nà tó rọrùn jù, ó fẹ̀, ṣe ló ń yí lọ yí bọ̀ lára òkè, kò síbi tó dà kalẹ̀ gan-an. Lift Fitzsimmons, àga orí wáyà tó wà nínú abúlé Whistler, ló máa gbé yín gòkè. Tẹ́ ẹ bá ti gùn ún tẹ́ ẹ yó, ẹ bọ́ sí B-Line, búlúù nìyẹn. Mọ́mì lè wà lórí gríìnì láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń gbé èèyàn dé ibi gbogbo títí dé Top of the World lókè téńté, ẹ rí i pé ẹ débẹ̀ o, tórí fọ́tò.

Alagba_Bodija
Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹ máa sanwó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ tún máa sanwó kí wọ́n gbé yín gun orí òkè, kẹ́ ẹ lè tibẹ̀ jábọ́? Ẹ wá sí Ìdànrè, a ó tì yín lọ́fẹ̀ẹ́.

BabaDuro_Leeds
😂😂 Alàgbà, ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wa.

IyaIbeji_Calgary
OmoIjesa má bínú o, mi ò bá ẹ lọ lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn. Gríìnì tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, gríìnì orí òkè ni, ẹni tí ò tíì jókòó lórí kẹ̀kẹ́ láti ìgbà Iléṣà, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí àga orí wáyà tẹ́ ẹ já a sílẹ̀ lókè, ibi tó bá wò, ìsàlẹ̀ ló ń wò ó. Á di bíréèkì mú láti òkè délẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á kú tipiri kó tó dé ìdajì ọ̀nà, ọjọ́ yẹn náà lá sọ pé òun ò ṣe mọ́. Mo ti rí i lára àwọn ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ẹnì kan.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ lásán fún un, ẹ lọ sí Lost Lake. Kò jìnnà sí abúlé rárá, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀, inú igbó ni, ọ̀nà tó rọrùn wà níbẹ̀, adágún wà láàárín tẹ́ ẹ lè wẹ̀. Valley Trail náà wà, ọ̀dà ni wọ́n dà sí i, ó lé ní kìlómítà 40, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn adágún kọjá, kò sí mọ́tò. Kó kọ́kọ́ rántí bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ san owó olùkọ́ fún un. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn náà ló máa mú un lọ sórí EZ Does It yẹn. Bàbá Dúró ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ o. Ọkọ kì í kọ́ ìyàwó ẹ̀ ní mọ́tò kílé ó tòrò, kẹ̀kẹ́ orí òkè le ju ìyẹn lọ.

OmoIjesa_Surrey
Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ní, ẹ ní kí wọ́n lo ọ̀kan létí adágún. Irú Lost Lake wà ní Leeds náà kẹ̀.

IyaIbeji_Calgary
Mo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ka ohun tí mo kọ dáadáa jàre.

Akanni_Squamish
Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe kó má di pé wọ́n dé ojú wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wá máa jà. Top of the World ò sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì lásán, owó ẹ̀ lọ́tọ̀ ni, iye èèyàn tí wọ́n sì ń jẹ́ kó gòkè lóòjọ́ ní òǹkà. Gọ́ndólà, yàrá kékeré tó ń gba orí wáyà, lẹ máa kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà lift Peak Express, orí òkè yẹn jẹ́ mítà 2,182, yìnyín lè wà níbẹ̀ wọ oṣù keje, ìdí tí wọ́n fi máa ń pẹ́ ṣí i nìyẹn. Dáyámọ́ńdì dúdú ni, ìyẹn ọ̀nà tó le, òkúta ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò, kó gun gọ́ndólà lọ láìgbé kẹ̀kẹ́ dání, fọ́tò náà á jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Lọ́dọ̀ yín ní UK, gríìnì, búlúù, pupa, dúdú ni. Níbí kò sí pupa. Gríìnì róbótó, búlúù onígun mẹ́rin, dáyámọ́ńdì dúdú kan, dáyámọ́ńdì dúdú méjì. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní pupa ní Dalby, òmíràn nínú ẹ̀ á bọ́ sínú búlúù wa, òmíràn á bọ́ sí dúdú, torí náà ẹ má fi búlúù ti Dalby wọn búlúù ti ibí, òkè ibí gùn, òkè ibí ga.

Ohun tí máàpù ò ní sọ fún yín ni pé àwọ̀ yẹn ń sọ bó ṣe le tó, kò sọ irú líle tó jẹ́. Oríṣi ọ̀nà méjì ló wà lórí òkè yẹn. Àwọn kan, kátapílà ló là wọ́n, ilẹ̀ wọn dán, wọ́n kó erùpẹ̀ jọ gègèrè sí gbogbo kọ́nà kí táyà lè rí nǹkan fara tì: EZ Does It, B-Line, Crank It Up, A-Line, Dirt Merchant. Àwọn yòókù, inú igbó bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, gbòǹgbò igi, òkúta, ibi tí ilẹ̀ ti já lójijì níwájú èèyàn: Joyride, Schleyer, Original Sin. A-Line dúdú ni, Joyride náà dúdú ni, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń fò lórí A-Line láìmí tó jẹ́ pé tó bá dé Joyride, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Òdìkejì ẹ̀ náà wà, àwọn kan wà tí gbòǹgbò ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn ṣùgbọ́n tí wọn ò jẹ́ fi táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀ láéláé. Torí náà kí kálukú mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù kó tó wo àwọ̀.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe sórí A-Line ni òkìtì tí wọ́n gé orí ẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó o bá fò tó ò dé òdìkejì, orí pẹrẹsẹ yẹn lo máa balẹ̀ sí, kò sí kòtò láàárín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ò bá fẹ́ fò, táyà ẹ á kàn gùn ún kọjá. Crank It Up náà bẹ́ẹ̀ ló rí, búlúù ni, kékeré ló fi yàtọ̀. Kó gun EZ Does It lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n háyà fún un, kó bọ́ sí B-Line, kó wá máa tún Crank It Up gùn. Tó bá ti ń fò gbogbo òkìtì ibẹ̀ tí táyà méjèèjì ń balẹ̀ sí ìdàgẹ̀rẹ̀ òdìkejì, ó tó A-Line gùn. Bí kò bá tíì tó, ọ̀la wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n kọ sójú pátákó níbẹ̀: Pre-ride, re-ride, free-ride. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́, wò ó. Ìgbà kejì, mọ̀ ọ́n. Ìgbà kẹta ni kó o tó ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Wàhálà tó wà nínú lílọ jẹ́jẹ́ lórí A-Line ni pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ojú òfuurufú ni wọ́n wà, wọn ò rí ẹ. Kó lọ láàárọ̀ kùtù kí èrò tó pọ̀. Kó má dúró síbi tí wọ́n ń balẹ̀ sí, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Tó bá ṣubú, kó kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà kó tó máa wo ibi tó ń dùn ún.

Ẹ̀yin fúnra yín, B-Line ni tiyín. Ọjọ́ kejì, tí agbára bá ṣì wà, ẹ gun lift Garbanzo, ẹ gba ọ̀nà búlúù tó ń jẹ́ Blue Velvet. Láti òkè Garbanzo dé abúlé lé ní mítà 1,000 ní sísọ̀ kalẹ̀, apá máa sọ fún yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ o.

Lekan_Cardiff
Gbogbo ẹ lẹ ti sọ, kò sẹ́ni tó rántí bíréèkì. Bàbá Dúró, ní UK ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Ní Kánádà ọwọ́ òsì ló ń mú iwájú, ọ̀tún ló ń mú ẹ̀yìn. Raleigh ìyàwó yín náà, ọ̀tún ni iwájú. Gbogbo ìdílé yín ni yóò máa tẹ bíréèkì lódì. Ọmọ yẹn á wọ kọ́nà, ọpọlọ ẹ̀ á ní kó tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, iwájú lọwọ́ ẹ̀ máa fún, á fi orí lọ. Èyí nìkan tó kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ tiyín dání.

Nǹkan kejì, ìnṣọ́ránsì. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò yín dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, tó bá wá di sísọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wọ́n á ní ó yàtọ̀, àfi kẹ́ ẹ san àfikún. Kí ẹ sì tó lọ, ẹ gbé ọmọ náà wá sí BikePark Wales ní Merthyr Tydfil. Mọ́tò ló ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀, kò ga tó Whistler àmọ́ á jẹ́ kó mọ bó ṣe máa ń rẹ èèyàn tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀.

Akanni_Squamish
Lekan, òótọ́ ni ti bíréèkì, o ṣeun tó o rántí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wá. Kẹ̀kẹ́ tó ń gun Middleton, tí kò bá ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, òkè yìí á fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, á fọ́ ọ lọ́wọ́. Láàárín oṣù keje ilẹ̀ ti gbẹ, erùpẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, gbogbo ibi téèyàn ti ń tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà ti di gálọ́ọ̀pù, tó bá di ọ̀sán ńṣe ni kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Kí wọ́n háyà èyí tí wọ́n ṣe fún sísọ̀ kalẹ̀.

Ní ti bíréèkì, ẹ bi wọ́n níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ háyà kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n bá yín yí i. Àwọn ará UK àti Australia ń wá síbẹ̀ gan-an, ìbéèrè náà ò ní ṣàjèjì sí wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè yí i, ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà yípo ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Mọ́mì nìkan ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún lọ́tọ̀. Bíréèkì Raleigh yẹn, irin ni wọ́n fi fà á, gbogbo ìka mẹ́rin lèèyàn fi ń fún un kó tó mú, ó tún lè má mú. Ti kẹ̀kẹ́ ìsinsìnyí, epo ló wà nínú ẹ̀, ìka kan ti tó. Ẹni tó bá fi gbogbo ọwọ́ fún un bíi ti Iléṣà á ré kọjá lórí hándù.

OmoIjesa_Surrey
Ìyẹn dáa. Kẹ́ ẹ tún sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó. Ṣíìtì wálẹ̀ pátápátá, kéèyàn dúró lórí pẹ́dàlì méjèèjì, kí pẹ́dàlì wà ní dọ́gbadọ́gba, kí gìgísẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí síta. Bẹ́ ẹ bá ń wo táyà iwájú ẹ ti pẹ́, ọ̀ọ́kán ni kí ojú máa wò. Kí wọ́n tẹ bíréèkì kí wọ́n tó dé kọ́nà, kí wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀ nínú kọ́nà. Ẹni tó bá ń fi bíréèkì wọ́lẹ̀ láti òkè, bíréèkì ẹ̀ á gbóná débi tí kò ní mú mọ́ nígbà tó bá nílò ẹ̀.

Noosi_Abbotsford
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ kí n sá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣubú, ọwọ́ ló máa ń nà, ọrùn ọwọ́ á gba gbogbo ẹ̀, tí kì í bá ṣe ọrùn ọwọ́, egungun tó wà láàárín ọrùn sí èjìká ni. Ìwọ̀nyẹn máa jinná. Orí ni mi ò fẹ́. Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì tó bo àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ háyà fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ọmọ nìkan, páàdì orúnkún, páàdì ìgbọ̀nwọ́, ìbọ̀wọ́. Ọmọ tó fẹ́ fò yẹn kó wọ èyí tó bo àyà àti ẹ̀yìn.

Ní báyìí, tí ọmọ bá fi orí gbá ilẹ̀, tó dìde tó ní kò séwu, ẹ má gbà á gbọ́ kíákíá. Ọmọ ọdún 15 tó ti dúró de A-Line látọjọ́ yìí, irọ́ ló máa pa. Ẹ wò ó bóyá ó ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá òòyì ń kọ́ ọ, bóyá iná ń pọ̀ jù lójú ẹ̀, bóyá ó ń bì. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú ẹ̀, ó parí fún ọjọ́ yẹn, kí dókítà wò ó, kò sí pé ó dọwọ́ ọ̀sán. Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì tó ti gbá ilẹ̀ gan-an náà, ẹ dá a padà kí wọ́n fún yín ní òmíràn, ìwúlò ẹ̀ ti tán. Àlejò lẹ̀yin, àpò yín lẹ ó ti sanwó ọsibítù níbí, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì tí ẹnìkan sọ lókè yẹn, ẹ má fi ṣeré.

IyaIbeji_Calgary
Nọ́ọ̀sì ẹ ṣeun. Àti pé ìgbà tó bá ti rẹ èèyàn lọ̀pọ̀ ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní ká gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó lọ. Mo máa ń sọ fún tèmi pé ẹni tó bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ti tán nìyẹn, bọ́ bàtà ẹ.

BabaDuro_Leeds
Ẹ mà ṣeun o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ ka ìwé ìnṣọ́ránsì wa lálẹ́ àná, bí Lekan ṣe wí náà ló rí, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé àwọn ò sanwó ibi tí lift bá ti gbé kẹ̀kẹ́ gòkè, mo ti pè wọ́n, àfikún wà, mo máa san án. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ó ní ti Ìyá Ìbejì lòun gbà, Lost Lake ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ láàárọ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ bá òun débẹ̀. Ọmọ náà ka ti Akanni, ó ní Crank It Up búlúù ni, ọmọdé ló wà fún. Mo ní kó lọ gùn ún ná.

Ó ku ìbéèrè méjì. Wọ́n ní béárì wà níbẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Àti pé ọ̀sẹ̀ wo ló dáa ká lọ ní ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ?

Alagba_Bodija
Béárì náà tún wà níbẹ̀!

Akanni_Squamish
Ó wà, béárì dúdú, inú park yẹn gan-an ni wọ́n ti ń jẹko, kì í ṣe ìtàn. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ dúró lókèèrè, ẹ má sáré, ẹ má yọ fóònù sún mọ́ ọn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, á kọjá lọ. Tó bá jẹ́ ìyá pẹ̀lú ọmọ, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi oúnjẹ sínú mọ́tò tẹ́ ẹ ṣí wíńdò ẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀, ẹ wo ìgbà tí Crankworx, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ibẹ̀, máa wáyé lọ́dún yẹn, oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ló máa ń bọ́ sí. Láti 2004 ni wọ́n ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wòran, ọ̀sẹ̀ yẹn ni, ọmọ yẹn á rí àwọn tó ń fò kọjá òrùlé ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹ sá fún un, lift á kún, hòtẹ́ẹ̀lì á gbówó lórí. Ẹ mú ọjọ́ Tuesday àti Wednesday, kì í ṣe wíkẹ́ẹ̀ńdì. Ẹ dé ìdí lift kí wọ́n tó ṣí i, kí ọmọ rí ilẹ̀ tó ṣì dán gùn, ní ọ̀sán tí erùpẹ̀ bá ti ń tú ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, lift Fitzsimmons máa ń ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́ dáadáa, òùngbẹ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ẹ gbé omi dání.

OmoIjesa_Surrey
Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá sí Surrey lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ sí mi níbí. Mo ní páàdì orúnkún tó lè wọ Mọ́mì, kí wọ́n má wulẹ̀ sanwó háyà ìyẹn.